Ìlù tí a jogún kọ́ ló ń lu ara rẹ̀: èsì sí lẹ́tà tó wá láti Òǹdó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n gbé bírò. Bàbá kan ló kọ ọ́ láti ìlú Òǹdó. Ó ní ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 10, sanra bíi ti ìyá tó bí òun gan-an, pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn ló wà, àti pé kí àwọn nọ́ọ̀sì yéé fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ da òun láàmú, torí kò sẹ́ni tó ń bá jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, jà. Bàbá yẹn mọ̀wé kọ. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi kà á sókè fún gbogbo wa, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó bá àwọn sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ niṣẹ́ mi. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo ti ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo wá ṣí lábù kékeré kan ní Ìjàpọ̀ níbí ní Àkúrẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí bàbá yẹn ń wí, inú túùbù ni mo ti ń rí i lójoojúmọ́. Ìdajì ohun tó sọ jẹ́ òótọ́, n kò sì ní bá a du ìyẹn. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló lè pa ọmọ lára.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Ọmọ máa ń jogún sísanra. Ní 1997, àwọn dókítà ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ méjì kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyekan, tí ebi kì í kúrò níkùn wọn rárá. Jíìnì kan ṣoṣo ló bàjẹ́ lára wọn, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀rá ara ṣe ohun tí à ń pè ní leptin. Leptin ló máa ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé "ó tó, mo ti yó." Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún èyí àgbà nínú wọn ní abẹ́rẹ́ leptin, ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ti abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi. Lára àwọn ọmọ yòókù, jíìnì púpọ̀ ló pa pọ̀, oníkálukú ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ó lè jẹ́ bí ti ìdílé bàbá Òǹdó yẹn ṣe rí nìyẹn, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà lè jọ ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n bá ẹnikẹ́ni jogún nǹkan kan.

Ibi tó ti ṣìnà ni pé ó rò pé tí jíìnì bá ti wà, ó ti parí nìyẹn. Ẹ wo ilé onílù. Bàtá wà lára ògiri, dùndún wà, gúdúgúdú wà, gbogbo wọn ni wọ́n jogún lọ́wọ́ bàbá bàbá wọn. Pé ìlù wà lára ògiri kò ní kó máa dún. Ẹnìkan ní láti mú un sọ̀kalẹ̀ kó lù ú, ó lè lù ú jẹ́jẹ́, ó sì lè lù ú tí àdúgbò kò fi ní sùn. Nǹkan bíi 20,000 jíìnì tí wọ́n ń fi ṣe purotéènì, ìyẹn àwọn ohun tó ń ṣe iṣẹ́ ara, ló wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di ara wa. Èyí tó wà nínú ojú ló wà nínú ẹ̀dọ̀. Ohun tó mú ojú yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀ ni èyí tí à ń lù níbẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ lo jíìnì kan, á da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sórí RNA, ìyẹn ẹ̀dà ọ̀rọ̀ jíìnì náà, RNA yẹn ni wọ́n á sì fi ṣe purotéènì. Àwọn tó ń ṣèwádìí máa ń ka iye RNA yẹn. Tó bá pọ̀, ìlù náà ń dún kíkankíkan. Oúnjẹ, oorun, àìsàn, eré sísá, gbogbo wọn ló ń dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni ọ̀rá púpọ̀ wá ń lù lára ọmọ? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn òbí fara balẹ̀ kà.

Tí ẹ̀gún bá gún ọmọ lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, á máa ro ó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló sáré débẹ̀ láti bá kòkòrò jà. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní inflammation nìyẹn, ohun rere sì ni, torí láìsí i, ẹ̀gún lásán á pa èèyàn. Tí kòkòrò bá kú tán, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ti ọmọ tó sanra jù yàtọ̀. Ọ̀rá ara kì í ṣe ẹrù tó kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí a ti ń rò tẹ́lẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń rán oríṣiríṣi ìránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ṣe ń kún tó ń fẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó mọ́, àwọn kan á kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí wọ́n ń pè ní macrophage á sì wá máa jẹ òkú wọn. Ní 2003 ni ìwádìí méjì jáde ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé macrophage máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ọ̀rá ẹni tó sanra jù. Ṣáájú ìyẹn, ní 1993, wọ́n ti rí i lára eku pé ọ̀rá eku tó sanra ń ṣe TNF, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ohun tí ara máa ń tú jáde nígbà ìjà, àti pé TNF yìí kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì, ìyẹn ìránṣẹ́ tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ráyè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gún níbẹ̀, kò sí kòkòrò. Ìjà náà kò wá lópin.

Mo máa ń pè é ní ìgbóná abẹ́lẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Tẹmómítà kò lè rí i. Ọmọ á máa ṣeré, á máa jẹun, kò ní sọ pé ibì kan ń dun òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á máa tú purotéènì kan tí à ń pè ní CRP sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2001, àwọn olùwádìí kan gbé àbájáde ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà jáde, ọmọ ọdún 8 sí 16. Àwọn tó sanra jù nínú wọn ni CRP tiwọn ga ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọmọ ọdún 8 o! Àìsàn ṣúgà àti ti ọkàn tí à ń sọ pé ti àgbàlagbà ni, ibẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí ohun tí mo kọ yìí gbé ọmọ wá sí lábù mi, tàbí ti ẹlòmíràn, pé ká yẹ CRP rẹ̀ wò. Owó yín ni ẹ máa ná dànù. Àyẹ̀wò CRP tó pọ̀ jù nígboro yìí, èyí tí à ń da sórí gíláàsì tí à ń wò bóyá ó dì, kì í sábà rí ohun tí kò bá tó mílígíráàmù 6 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ìgbóná abẹ́lẹ̀ tí ọ̀rá ń fà kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Irú àyẹ̀wò CRP tó lè rí èyí tó kéré wà, àmọ́ ó wọ́n. Kódà kí ẹ rí i ṣe, ibà lásán tó mú ọmọ láìpẹ́ yìí tàbí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn ún lè gbé e sókè. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn ti ń jẹ wá báyìí, ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀rá? Ti RNA tilẹ̀ tún le jù. RNA kì í pẹ́ bàjẹ́, inú fìríjì tó tutù tó 80 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Èmi tí mò ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ torí kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ má bàa gbóná títí ilẹ̀ á fi mọ́, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Iṣẹ́ àwọn olùwádìí nìyẹn. Tiwa ni ká lo ohun tí wọ́n rí.

Ohun tí wọ́n sì rí dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe lè sọ lọ: ìlù náà ṣe é dá dúró. Ní 2004, olùwádìí kan, Karine Clément, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé mú àwọn àgbàlagbà tó sanra jù, wọ́n fún wọn lóúnjẹ tí kò ju kálórì 800 lójúmọ́ fún ọjọ́ 28 (kálórì ni òdiwọ̀n agbára inú oúnjẹ), wọ́n sì bu ọ̀rá díẹ̀ lára wọn ṣáájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ka RNA inú rẹ̀, àwọn jíìnì tó ń dá ìjà sílẹ̀ ti rọlẹ̀, àwọn tó ń pẹ̀tù sí i ti gbóhùn sókè. Èèyàn kan náà, jíìnì kan náà. Oúnjẹ nìkan ló yí padà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kálórì 800 dán ọmọ wò o, mo tún un sọ. Ọmọ ń dàgbà, eegun ń gùn, ọpọlọ ń jẹun. Ti ọmọdé, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Ní Jámánì, ní ìlú Datteln, dókítà Thomas Reinehr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba àwọn ọmọ tó sanra jù sínú ètò ọdún kan gbáko: oúnjẹ, eré ìdárayá, ìmọ̀ràn, pẹ̀lú bàbá àti ìyá. Àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn rọ̀ dáadáa sí gíga àti ọjọ́ orí wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀, ínsúlíìnì wọn rọgbọ, adiponectin wọn sì gòkè, ìyẹn ìránṣẹ́ kan láti inú ọ̀rá tó máa ń pẹ̀tù sí ìjà. Àwọn tí ìwọ̀n wọn kò yí padà kò rí irú rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ti RNA ọmọdé, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń wò ó, torí ta ló fẹ́ kí wọ́n máa gé ọ̀rá lára ọmọ rẹ̀ nítorí ìwádìí?

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀: "sí gíga àti ọjọ́ orí wọn." Ọmọ kò ní láti rù. Tó bá dúró sórí kílò kan náà tó sì ga sí i, ó ti ń fúyẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ èyí. Wọ́n á fi ebi pa ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kílò kò yí, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ sọ ti ọmọkùnrin kan. Ìyá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ mi kí n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò torí ó ń tọ̀ sílé. Ṣúgà rẹ̀ kò tíì burú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ọrùn ọmọ náà lẹ́yìn, ó dúdú, ó nípọn, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi èédú pa á, abẹ́ apá rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Awọ ibẹ̀ bó. Mo béèrè. Ìyá ní ìdọ̀tí ni, pé gbogbo àárọ̀ lòun ń fi kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú họ ọ́, ọmọ kò kàn mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọmọ náà ń wolẹ̀. Olóòtú, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ínsúlíìnì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń mú kí awọ ọrùn nípọn kó sì dúdú, torí ara kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ó wá ń tú òmíràn sí i. Ẹ̀yin ìyá tó ń họ ọrùn ọmọ, ẹ sọ kànìnkàn sílẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé.

Dókítà kò kọ oògùn kankan fún un. Ohun tó yí padà nílé náà ni mo lè sọ, torí ìyá ọmọ ti di àbúrò mi báyìí. Wọn kò se oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún ọmọ náà. Gbogbo ilé ló yí i. Ẹlẹ́rìndòdò àti jùúsì inú páálí kúrò nínú fìríjì, omi ló kù. Ògì àti mọ́ínmọ́ín rọ́pò tíì onímílíìkì àti búrẹ́dì láàárọ̀. Wọn kò yọ iyán, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ta ló máa gbà fún yín ní Àkúrẹ́? Òkèlè ló kéré, ẹ̀fọ́ àti ẹja ló pọ̀. Ẹ̀wà di ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bàbá ọmọ ń fi ẹsẹ̀ bá a rìn lọ gba bọ́ọ̀lù lálẹ́ dípò kí wọ́n gun ọ̀kadà. Ìyá bàbá ọmọ nìkan ló jà. Màmá ní wọ́n fẹ́ fi ebi pa ọmọ-ọmọ òun, wọ́n fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò sọ pé owó ti tán lọ́wọ́ ọmọ òun. Ó máa ń fi páì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí fún un. N kò bá Màmá wí rárá. Ayé tí ọmọ tó rù fi jẹ́ ọmọ tó ń kú ni wọ́n ti tọ́mọ. Pásítọ̀ wọn ló wá bá wa bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọdún fi yí po, kílò ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, ó ti ga sí i, ṣòkòtò ilé-ìwé rẹ̀ ń bọ́ ní ìdí rẹ̀, ọrùn náà sì ti ń mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tán.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kan ọmọ tòun, okùn lásán ti tó. Ọmọ tó ti lé ní ọdún 5, ẹ fi okùn wọn gíga rẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé àtàrí. Ẹ ṣẹ́ okùn náà sí méjì dọ́gba. Ẹ wá fi yí ikùn rẹ̀ po lókè ìdodo díẹ̀, láìfún un. Tí ẹnu okùn bá kan ara wọn, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí kò bá kan ara wọn, ẹ gbé e lọ fún wíwọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ní 2022, ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 390 láàárín ọdún 5 sí 19 ló tẹ̀wọ̀n jù lágbàáyé, mílíọ̀nù 160 nínú wọn sì sanra jù. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé àwọn olówó ní Aláàgbákà ní aago méjì ọ̀sán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe fi ọmọ náà ṣẹ̀sín. "Ọ̀rọ̀bọ̀" tí àwọn olùkọ́ pàápàá ń pe ọmọ ní kíláàsì kì í dín ọ̀rá kù. Àti pé ohun kan wà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀. Ní 2024, àwọn olùwádìí ní Zurich fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá máa ń rántí. Lẹ́yìn tí ara bá ti fúyẹ́, àmì tí sísanra fi sára DNA rẹ̀, ìyẹn ohun tí jíìnì wà lára rẹ̀, ṣì máa ń kù níbẹ̀, àwọn eku tó ti sanra rí sì yára sanra padà nígbà tí wọ́n tún fún wọn lóúnjẹ ọlọ́ràá. Nítorí náà, ọmọ tó fúyẹ́ tó tún wá ń sanra kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré ló dára jù, kó sì jẹ́ ohun tí ilé lè máa ṣe lọ títí.

Ọ̀rọ̀ mi kan ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ má bínú. Ojú ewé tí lẹ́tà bàbá Òǹdó wà, ìpolówó tíì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, pé ó ń "fọ ọ̀rá dànù" fún tọmọdé tàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú irú tíì bẹ́ẹ̀, ewé àsùnwọ̀n òun àwọn ẹbí rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí àsùnwọ̀n ń ṣe. Ìgbẹ́ àti omi ni ọmọ máa yà dànù, ọ̀rá á jókòó síbẹ̀ láìmira, ìjà abẹ́lẹ̀ náà á sì máa lọ. Mo mọ̀ pé ìpolówó ló ń san owó ìtẹ̀wé. Ẹ ṣáà yọ "tọmọdé" kúrò nínú rẹ̀.

Ti ìjọba kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Owó orí ₦10 lórí lítà ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé kalẹ̀ nínú òfin ìnáwó ọdún 2021, ₦5 péré ló jẹ́ lórí ìgò 50cl. Ọmọ wo ni ₦5 máa dá dúró? Ẹ yí ìgò ọwọ́ yín padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rí gíráàmù ṣúgà 10 nínú mílílítà 100, gíráàmù 50 ló wà nínú ìgò náà. WHO ní kí ṣúgà àfikún má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá kálórì oúnjẹ òòjọ́. Fún ọmọ tó ń jẹ kálórì 1,800, gíráàmù 45 nìyẹn. Ìgò kan ṣoṣo ti kọjá rẹ̀. Níbi òwàńbẹ̀ ọjọ́ Sátidé, mélòó ni ọmọ ń mu kí onílù tó kúrò lórí ìdúró?

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé tí ọmọ-ọmọ mi ń lọ ń bọ̀ lóṣù yìí. Mo ti bẹ alága pé kó fún mi láyè láti sọ̀rọ̀: kí àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́nu géètì máa gbé omi tútù, ọsàn, ẹ̀pà àti bọ̀ọ̀lì, kí ilé-ìwé dín owó àyè tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn kù, torí ẹlẹ́rìndòdò ló ń mú èrè wá fún wọn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n pàdánù. Alága ní àwọn òbí kan ti ń kùn pé mo fẹ́ ba ọjà jẹ́. Mo ń bọ̀ pẹ̀lú okùn mi.

Èmi ni,
Ìyá onílábù,
Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.